Ọwọ́ Ààyò Lórí Igi: Ìtàn Ìwádìí Nípa Ọ̀tún àti Òsì Láàárín Àwọn Ẹranko Ìdílé Ọ̀bọ

Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn ìbéèrè kan tí àwọn onímọ̀ ti ń jà lé lórí láti nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn: ṣé ènìyàn nìkan ló ní ọwọ́ tó fẹ́ràn láti máa lò ju èkejì lọ, àbí àwọn ẹranko tó súnmọ́ ọn náà ní in? Àwọn ẹranko ìdílé ọ̀bọ tó ń gbé orí igi ni a ó wò jù, nítorí pé orí igi ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ ti le jù. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ lè na ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó wà lórí ẹ̀ka igi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ di igi mú kí èkejì tó lè já èso, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀.

Èrò mi ni pé fún ìgbà pípẹ́, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni àwọn onímọ̀ fi sẹ́yìn. Wọ́n ń bèèrè pé ìhà wo ló borí, ọ̀tún tàbí òsì. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bèèrè bí ẹranko kọ̀ọ̀kan ṣe rọ̀ mọ́ ọwọ́ tirẹ̀ tó.

Ó ṣeé ṣe kí aṣojú kan ní àpérò yìí máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ọ̀bọ. Ohun méjì ni. Èkíní ni pé àwọn onímọ̀ èdè wà lára àwọn tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ọ̀tun ní ọdún 1987, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i. Èkejì ni pé àwa tí a wà níbí ni à ń kọ́ àwọn tí yóò lọ kọ́ ọmọdé láti di bírò mú. Nínú gbogbo kíláàsì tí wọ́n bá wọ̀, wọn yóò bá ọmọ tí ọwọ́ òsì rẹ̀ yá ju ọ̀tún lọ.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a fi ìtumọ̀ sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ ààyò ni ọwọ́ tí ẹ̀dá máa ń kọ́kọ́ nà sí nǹkan. Ìhà ni bóyá ọwọ́ náà jẹ́ ọ̀tún tàbí òsì. Ìrọ̀mọ́ ni bí ẹ̀dá náà ṣe ń lo ọwọ́ kan náà léraléra tó. Bí ọ̀bọ kan bá fi òsì mú èso ní ìgbà 95 nínú 100, òsì ni ìhà rẹ̀, ìrọ̀mọ́ rẹ̀ sì lágbára. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 55, ìhà kò yí padà, ṣùgbọ́n ìrọ̀mọ́ kò tó nǹkan. Nínú agbo kan, gbogbo ọ̀bọ lè rọ̀ mọ́ ọwọ́ wọn gidigidi, kí ìdajì wọn jẹ́ ti ọ̀tún, kí ìdajì jẹ́ ti òsì. Ẹni tó bá ń wo ìhà nìkan yóò ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọ̀tún àti òsì lọ́wọ́ àwa ènìyàn

Yorùbá ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọmọ tó bá fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ìbáwí ló ń tọrọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ pé Yorùbá kórìíra òsì kò tíì wò ó dáadáa. Ọ̀tún Balógun wà, Òsì Balógun náà wà. Oyè ni méjèèjì. Ọwọ́ òsì ni àwọn Ògbóni fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́. A tún ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi òsì fà á mọ́ra, èyí tó fi hàn pé òsì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan máa ń rò pé òsì àti òṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ẹni tó bá fi àmì sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà ṣe mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ hagu tàbí aka ekpe nílé yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lọ́dọ̀ tiyín.

Ọmọ Faransé kan, Robert Hertz, kọ àpilẹ̀kọ lórí ipò gíga tí ọwọ́ ọ̀tún wà ní ọdún 1909. Ó gbà pé ó ṣeé ṣe kí ara ènìyàn ní ìtẹ̀sí díẹ̀ sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n ó ní àwùjọ ló sọ ìtẹ̀sí kékeré náà di òfin ńlá, tí wọ́n fi ohun mímọ́ sí ọ̀tún, tí wọ́n sì fi ohun àìmọ́ sí òsì. Ogun Àgbáyé Kìíní ló pa Hertz ní ọdún 1915. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ nípa igbó, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀: bí a bá yọ àṣà kúrò, kí ni yóò kù? Ẹ̀dá tí kò ní àṣà oúnjẹ ọwọ́ ọ̀tún ni a gbọ́dọ̀ lọ wò.

Láti Paris dé Florida

Oníṣègùn Paul Broca ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn ti sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1861, ní ilé ìwòsàn Bicêtre lẹ́bàá Paris, ó yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò tó kú lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí kò fi lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan, “tan”, lọ. Apá òsì ọpọlọ rẹ̀, níwájú, ló ti bàjẹ́. Nígbà tó di 1865, Broca ti rí irú rẹ̀ tó pọ̀ débi tó fi sọ pé apá òsì ọpọlọ ni a fi ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi so méjèèjì pọ̀: ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀, ènìyàn ló ń lo ọwọ́ ọ̀tún, nítorí náà ẹranko tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè ní ọwọ́ ààyò. Ìrònú yìí dùn mọ́ ènìyàn nínú, nítorí pé ó gbé e ga ju ẹranko lọ.

Ní ọdún 1941, John Finch gbé àbájáde kan jáde láti ibùdó ìwádìí Yerkes ní Florida. Ó ti dán ìnàkí 30 wò, irú èyí tí à ń pè ní chimpanzee, pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n ní láti na ọwọ́ mú. Púpọ̀ nínú wọn ló ní ọwọ́ ààyò, àwọn kan sì rọ̀ mọ́ ọn gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn ti ọ̀tún àti àwọn ti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tí àwọn tó ka iṣẹ́ náà mú lọ ni pé ìnàkí kò dà bí ènìyàn. Òótọ́ ni. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ sórí tábìlì ni pé ìnàkí kọ̀ọ̀kan mọ ọwọ́ tirẹ̀.

J. M. Warren, tó fi ọdún púpọ̀ ṣe àyẹ̀wò ọ̀bọ nínú yàrá ìwádìí, tẹnu mọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1980. Ó ní àyẹ̀wò gan-an ló ń kọ́ ọ̀bọ ní ọwọ́ ààyò: ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ rí oúnjẹ ni yóò máa padà lò, bí àyẹ̀wò bá sì yí padà, ọwọ́ náà lè yí. Ẹ kíyè sí bí èyí ṣe jọ ohun tí àwọn òbí kan ń sọ nípa ọmọ wọn, pé àṣàkaṣà ni, ìyá rẹ̀ ló fi àyè gbà á.

Ọ̀dọ̀ àwọn ẹyẹ ni ìyípadà ti kọ́kọ́ dé. Fernando Nottebohm fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 pé apá òsì ló ń darí orin ẹyẹ kékeré kan tó ń jẹ́ chaffinch ju apá ọ̀tún lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Lesley Rogers ní Ọsirélíà rí i pé òròmọdìẹ pín iṣẹ́ fún ojú rẹ̀: ojú ọ̀tún ló fi ń ṣa ọkà láàárín òkúta wẹ́wẹ́, ojú òsì sì ni ti ṣíṣọ́ àṣá. Adìẹ tí à ń lé kúrò nínú gbàgede yìí náà ló ní ọpọlọ tó pín iṣẹ́ sọ́tùn-ún sósì! Bí adìẹ bá ní in, ta ni yóò tún sọ pé ènìyàn nìkan ló ni ín?

Àwọn onímọ̀ èdè gun igi

Ní ọdún 1987 ni Peter MacNeilage, Michael Studdert-Kennedy àti Björn Lindblom tẹ àpilẹ̀kọ gígùn kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ Behavioral and Brain Sciences. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: bí ahọ́n àti ètè ṣe ń mú ìró jáde, bí etí ṣe ń gbọ́ ọ. Wọ́n padà sí àwọn ìwádìí àtijọ́ tí wọ́n ti ní kò sí nǹkan nínú wọn, wọ́n sì ní nǹkan wà níbẹ̀.

Àlàyé wọn nìyí. Àwọn baba ńlá ìdílé ọ̀bọ jẹ́ ẹ̀dá kékeré tó ń so mọ́ igi lóòró. Ọwọ́ ọ̀tún àti apá ọ̀tún ara ni wọ́n fi ń di igi mú. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń jù jáde láti gbá kòkòrò mú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, òsì di ọwọ́ ìnawọ́, ọ̀tún di ọwọ́ agbára. Nígbà tí àwọn ìran kan wá sọ̀kalẹ̀ wá sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kò ní igi láti dì mú mọ́. Agbára tó ti ní ni ó wá fi ń fọ́ nǹkan, tó fi ń bó èèpo, tó fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Ọwọ́ ọ̀tún ti ènìyàn, lójú wọn, jẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń di igi mú nígbà kan.

Wọ́n ní ẹ̀rí díẹ̀. Ní Memphis, Amẹ́ríkà, Jeannette Ward àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò galago Senegal, ẹranko kékeré olójú ńlá tó ń fò lórí igi lóru. Irú rẹ̀ wà ní odàn ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn aṣojú tó wá láti òkè ọya lè ti rí ojú rẹ̀ tó ń tàn nínú iná tọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1984 wọ́n fi hàn pé tí galago bá dúró lórí ẹsẹ̀ méjì láti mú oúnjẹ, ìrọ̀mọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ kan máa ń lágbára ju ìgbà tó fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tilẹ̀ lọ. Bí ìdúró bá ṣe le tó ni ọwọ́ ààyò ṣe ń hàn tó. Ní ọdún 1990, wọ́n gbé iṣẹ́ jáde lórí lemur, ìbátan ọ̀bọ tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Madagascar. Òsì pọ̀ láàárín àwọn akọ àti àwọn ọmọdé wọn.

Mo fẹ́ràn àlàyé ọdún 1987 yìí, ìdí tí mo sì fi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ó jọ àlọ́ wa tó ń sọ ìdí tí ẹ̀yìn ìjàpá fi rí kángunkàngun: gbogbo nǹkan ló bọ́ sí àyè rẹ̀, kò sí ibi tó ṣẹ́kù. Ohun kan ni kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó dá igi padà sínú ìbéèrè náà. Kí àwọn mẹ́ta yìí tó sọ̀rọ̀, àpótí oúnjẹ nínú àgò irin ni wọ́n fi ń mọ ọwọ́ ọ̀bọ.

Páìpù kan àti ẹ̀pà lílọ̀

William Hopkins ló mú àyẹ̀wò tó tẹ̀lé e gbajúmọ̀. Ẹ mú páìpù kékeré, ẹ fi ẹ̀pà tí wọ́n lọ̀ kúnná ra inú rẹ̀, ẹ fún ìnàkí. Ọwọ́ kan ni yóò fi mú páìpù, ìka ọwọ́ kejì ni yóò fi máa wa ẹ̀pà jáde. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Iṣẹ́ ọlọ́wọ́ méjì ni, ọwọ́ tó ń wa ẹ̀pà ló sì ń ṣe èyí tó le. Ní ọdún 1995, Hopkins sọ pé nínú ìnàkí 110 tó dán wò, ọ̀pọ̀ ló fi ọ̀tún wa ẹ̀pà.

Ariyanjiyan dé. William McGrew àti Linda Marchant, tí wọ́n mọ ìnàkí inú igbó, rán wọn létí pé ọwọ́ ènìyàn ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni àwọn ìnàkí inú ọgbà ti ń gba oúnjẹ láti kékeré. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí púpọ̀ jọ ní ọdún 1997, wọ́n ní ọ̀pọ̀ irú ọ̀bọ ni kò ní ìhà tó borí. Ní ọdún 2002, Richard Palmer tún ṣe ìṣirò Hopkins lọ́tun, ó sì ní ẹ̀rí náà kò lágbára tó bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Hopkins dáhùn. Mi ò ní fi ìṣirò wọn dí yín lọ́wọ́.

Ìròyìn láti inú igbó ló wú mi lórí jù. Ní igbó Taï ní Côte d'Ivoire, àwọn ìnàkí máa ń fi òkúta tàbí kùmọ̀ fọ́ èso eléèpo líle. Christophe Boesch ròyìn ní 1991 pé ìnàkí kọ̀ọ̀kan rọ̀ mọ́ ọwọ́ kan ṣinṣin nídìí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n agbo lápapọ̀ kò tẹ̀ síbì kan. Nígbà tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ń na ọwọ́ mú nǹkan lásán, ìrọ̀mọ́ náà dínkù. Ní ọdún kan náà, Richard Byrne àti Jennifer Byrne ròyìn ìnàkí ńlá orí òkè ní Ruwáńdà, àwọn gorilla, tí wọ́n ń jẹ ewé tó ń jóni lára bí èsìsì. Wọ́n gbọ́dọ̀ ká ewé náà, kí wọ́n sì ṣẹ́ ẹ pọ̀ kí ó má baà jó wọn lẹ́nu. Gorilla kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ tó ń fi ṣe é, kì í sì í sábà pa á dà. Ní Gombe ní Tàǹsáníà, níbi tí ìnàkí ti ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ikán nínú ògán, Elizabeth Lonsdorf àti Hopkins sọ ní 2005 pé òsì ló pọ̀ jù. Ìyẹn ni pé ìnàkí kan náà ní ibì kan tẹ̀ sí òsì, níbòmíràn kò tẹ̀ síbì kankan, nínú ọgbà Amẹ́ríkà ó tẹ̀ sí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ bá ti le, ìrọ̀mọ́ wà.

Ní ọdún 2011, Hopkins àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde páìpù jọ láti ara ẹranko 777: chimpanzee 536, bonobo 118, gorilla 76 àti orangutan 47. Mẹ́ta àkọ́kọ́ tẹ̀ sí ọ̀tún. Orangutan, èyí tó ń gbé orí igi jù nínú gbogbo wọn, ní igbó Borneo àti Sumatra, tẹ̀ sí òsì. Àwọn tó fẹ́ràn àlàyé 1987 yọ̀ sí èyí: ẹni tó wà lórí igi ṣì ń lo òsì, àwọn tó sọ̀kalẹ̀ ti bọ́ sí ọ̀tún.

Ìdáhùn ọdún 2022

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní ọdún 2022, Kai Caspar àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú eLife, tí wọ́n fi àyẹ̀wò irú ti páìpù kan náà wo ẹ̀dá 1,786 láti inú irú 38, ènìyàn pẹ̀lú. Wọ́n rí i pé kò sí ẹ̀dá mìíràn tó súnmọ́ ènìyàn nínú títẹ̀ sí ọ̀tún. Irú tí agbo rẹ̀ lápapọ̀ ní ìhà kan kò wọ́pọ̀. Gbígbé orí igi tàbí ilẹ̀ kò sọ ìhà, títóbi ọpọlọ kò sọ ọ́, lílo irinṣẹ́ náà kò sọ ọ́. Àlàyé àwọn onímọ̀ èdè wa kò rí ibi fi ẹ̀yìn tì.

Ṣùgbọ́n wọ́n wo ohun kejì, èyí tí Finch ti ní lọ́wọ́ láti 1941. Nígbà tí wọ́n wọn ìrọ̀mọ́, igi fi ara hàn: àwọn tó ń gbé orí igi rọ̀ mọ́ ọwọ́ wọn ju àwọn tó ń gbé ilẹ̀ lọ. Lójú tèmi, kò ṣòro láti rí ìdí. Ẹni tó wà lókè kò ní àyè láti máa ro ọwọ́ wo ni yóò tú sílẹ̀. Ó sàn kí ọ̀rọ̀ náà ti parí kí ebi tó dé. Bó jẹ́ òsì ni, bó jẹ́ ọ̀tún ni, ẹ̀ka igi kò bèèrè. Ènìyàn wá jẹ́ àràmàǹdà láàárín wọn, nítorí pé orí ilẹ̀ ló wà, síbẹ̀ ìrọ̀mọ́ rẹ̀ lágbára, ìhà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Káàkiri ayé, bíi 10 nínú 100 ènìyàn péré ló ń lo òsì.

Ọmọ tó wà nínú kíláàsì wa

Láti Belfast ni ẹ̀rí tó kan olùkọ́ jù ti wá. Peter Hepper àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ ayàwòrán inú oyún wo àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1991: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń mu àtàǹpàkò ọ̀tún. Ní ọdún 2005, wọ́n ròyìn 75 lára àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti di ọmọ ọdún 10 sí 12. Gbogbo 60 tó mu ti ọ̀tún ló ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Nínú 15 tó mu ti òsì, 10 ń lo òsì, 5 ti bọ́ sí ọ̀tún. Nínú ikùn ìyá, kò sí olùkọ́, kò sí bàbá tó ń na ọmọ ní pàsán.

Nítorí náà, olùkọ́ tó so ọwọ́ òsì ọmọ mọ́ àga kò mú àṣàkaṣà kúrò. Ó ń bá ohun kan jà tí ọmọ náà gbé wá láti inú ikùn. Mo ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń yí gbogbo ara láti kọ̀wé, nítorí pé apá ọ̀tún ni pátákó ìkọ̀wé ara àga wọn wà. Ọmọ lè kọ́ láti fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ẹ̀kọ́ ilé ni ìyẹn, kò sì ṣòro fún ọlọ́wọ́ òsì láti kọ́ ọ. Bírò kì í ṣe ìkíni. Tí a bá ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la ní bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkọ, ó yẹ kí a fi bí ọlọ́wọ́ òsì ṣe ń gbé ìwé rẹ̀ dagun síhà ọ̀tún kún un, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà máa nu yíǹkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.

Iṣẹ́ tó kù nílé

Ilẹ̀ wa wà nínú ìtàn yìí ju bí a ṣe rò lọ. Ní Gashaka Gumti ní ìpínlẹ̀ Taraba, àwọn ìnàkí tó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ wa oyin àti ìjàlọ wà níbẹ̀. Gorilla wà ní òkè Cross River. Ní igbó ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, àwọn ọdẹ mọ̀ pé àáyá kì í ṣe ìjímèrè, ìjímèrè kì í sì í ṣe ẹdun. Wọ́n ní orúkọ fún oríṣi tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa ń pè ní ọ̀bọ lásán. Ẹni tó bá mọ orúkọ wọn báyìí lè ti mọ ọwọ́ wọn pẹ̀lú, bí ẹnikẹ́ni bá bi í.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè dé Taraba lè bẹ̀rẹ̀ ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Kó mú ìwé kan, kó kọ orúkọ tàbí àmì ara ẹranko kọ̀ọ̀kan, kó sì pín ojú ìwé sí méjì. Tí ẹranko bá na ọwọ́ sí oúnjẹ, ìgbà àkọ́kọ́ nìkan ni kó kọ. Bí ó bá tún nà án láì kúrò lójú kan, kò gbọdọ̀ kà á mọ́, nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Kó kọ bóyá ẹranko náà jókòó, ó dúró, tàbí ó so rọ̀ mọ́ nǹkan nígbà tó ń nà án. Nígbà tí ẹranko kọ̀ọ̀kan bá ti ní ìgbà 50, kó ka ọ̀tún, kó ka òsì.